Àdàlú àti Àgúnpọ̀: Bí Irin Márùn-ún Ṣe Ń Di Ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ní ojú méjì. Ọ̀rọ̀ náà ni àdàlú. Bí ìyàwó ilé kan ní Súrùlérè bá se ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ nínú ìkòkò kan, àdàlú ni orúkọ oúnjẹ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin bá gbọ́ pé àdàlú ni irin tí wọ́n fi ṣe ohun tí òun fẹ́ rà, kíá ni yóò dá a padà sórí àtẹ. Lójú tirẹ̀, ojúlówó ni ohun tí ó dára. Àdàlú ni ohun tí àbùkù ti wọ̀. Ìtumọ̀ kejì yìí ti wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi gbà pé irin tí kò ní ohun mìíràn nínú ni ó lágbára jù lọ.

Èrò yìí kò tọ̀nà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀yà kan nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ń kọjá ní Ojúẹlẹ́gba tí kì í ṣe àdàlú. Irin tí a kò bá lú ohunkóhun mọ́ máa ń rọ̀ jù, tàbí kí ó tètè dípẹtà. Láti ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ sì ti ń fi irú àdàlú kan han aráyé tí ó tako ohun tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Irin márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń dà pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀nà kan tí wọ́n sì ń gbà ṣe é kò lo iná rárá níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: wọn a máa gún irin wọ̀nyí pọ̀ bí ìgbà tí a ń gún iyán. Ìlànà, ìwà àti ìwúlò irú àdàlú yìí ni kókó ìjíròrò yìí.

Kí àlàyé má baà dàrú, ó yẹ kí á mọ̀ pé Yorùbá a máa lo ‘irin’ fún ohun méjì. A ń lò ó fún gbogbo ẹbí bàbà, òjé, tánńganran àti àwọn ìyókù wọn; a sì ń lò ó fún èyí tí alágbẹ̀dẹ ń lù nílé arọ. Nínú àlàyé yìí, ‘irin’ ni orúkọ gbogbo ẹbí náà, ‘irin dúdú’ sì ni ti alágbẹ̀dẹ.

Àdàlú Láyé Àtijọ́

Àwọn Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ àdàlú. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, wọ́n kan àwọn ère orí tí àwọn àgbà ọ̀nà ti dà sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìda oyin ni wọ́n fi mọ àwòrán orí náà; wọ́n fi amọ̀ bò ó; wọ́n yọ́ ìda náà jáde; wọ́n sì da irin yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn iṣẹ́ Ifẹ̀ wò, wọ́n rí i pé idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni pé bàbà ni, tí síńkì àti òjé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, irú bí agọ̀ ojú Ọbalùfọ̀n, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà lásán.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Bàbà kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá sì yọ́ tán, kì í ṣàn dáadáa, ó sì máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra tí ère yóò fi ní ihò nínú. Bí a bá lú síńkì, tánńganran tàbí òjé mọ́ ọn, yóò yọ́ níbi tí ooru kò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò sì ṣàn wọ kọ̀rọ̀ gbogbo. Nítorí náà, àwọn tí ó fi bàbà lásán dà ère ní Ifẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó le jù. Àwọn tí ó sì fi idẹ dà á mọ rírì àdàlú.

Síńkì gan-an tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 907 péré ni síńkì ti ń hó tí ó ń di ategùn. Ẹni tí ó bá jù ú sínú bàbà yíyọ́ yóò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ bá èéfín lọ. Àwọn oníṣẹ́ idẹ ayé àtijọ́ ní Yúróòpù àti Éṣíà rí ọgbọ́n ta sí i: wọ́n ń kó òkúta tí síńkì wà nínú rẹ̀, èédú àti ègé bàbà sínú ìkòkò tí a dé, kí ategùn síńkì lè wọ inú bàbà kí ó tó rí ọ̀nà sá lọ. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí ìṣòro yìí náà ni àgúnpọ̀ wá yanjú ní ọ̀nà mìíràn.

Onílé àti Ayálégbé

Gbogbo àdàlú tí aráyé ń lò láti ìgbà náà wá ní àbùdá kan náà: onílé kan ni ó ń wà níbẹ̀, àwọn ìyókù jẹ́ ayálégbé. Nínú irin líle tí a fi ń kọ́ afárá, irin dúdú ni onílé. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kì í sábà tó 2 nínú 100. Nínú irin tí kì í dípẹtà, tí a fi ń ṣe ṣíbí àti abẹ dókítà, irin dúdú náà ṣì ni onílé, ṣùgbọ́n ó ti gba kírómíọ̀mù ní àlejò, èyí tí ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 10.5 nínú 100. Nínú idẹ, bàbà ni onílé.

Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì tẹ ìwé jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti fi hàn pé ilé lè dúró láìsí onílé. Jien-Wei Yeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kìíní, ní Taiwan. Brian Cantor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kejì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cantor da kírómíọ̀mù, mángánísì, irin dúdú, kóbáltì àti níkẹ́ẹ̀lì pọ̀, 20 nínú 100 átọ́ọ̀mù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrètí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ni pé irin wọ̀nyí yóò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa wá ẹni tí ó wù ú láti bá so pọ̀, tí àdàlú náà yóò sì máa fọ́ bí àwo amọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó jáde, tí ó tò létòlétò, tí ó sì ṣeé nà bí òwú. Yeh ni ó sọ irú àdàlú bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ó ní kí irin inú rẹ̀ tó márùn-ún ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín 5 sí 35 nínú 100 átọ́ọ̀mù. Orúkọ tí ó fún un dá lórí ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní éńtírópì.

Ìdàrúdàpọ̀

Éńtírópì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Rudolf Clausius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó dá orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1865. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, èyí ni ìdàrúdàpọ̀. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a ó rí i pé rírú àti pípọ̀ wà nínú rẹ̀: àwọn nǹkan rú, ṣùgbọ́n wọ́n rú pọ̀ sójú kan. Ohun tí onímọ̀ ń wọ̀n ni iye ọ̀nà tí a lè gbà to àwọn nǹkan náà.

Ìlẹ̀kẹ̀ lè ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Jẹ́ kí ẹnìkan ní ìlẹ̀kẹ̀ funfun 10 láti sin sórí okùn kan. Ọ̀nà 1 péré ni ó lè gbà sin ín, nítorí gbogbo wọn bára mu. Bí ó bá mú funfun 9 àti pupa 1, ọ̀nà 10 ni ó wà, nítorí pupa náà lè wà ní àyè èyíkéyìí. Bí ó bá mú funfun 5 àti pupa 5, ọ̀nà náà di 252. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú àwọ̀ márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì méjì, ọ̀nà tí ó lè gbà sin ín di 113,400. Ìlẹ̀kẹ̀ kò yí iye padà. 10 náà ni. Oríṣiríṣi àwọ̀ àti ìdọ́gba iye wọn ni ó sọ ọ̀nà di púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ègé irin tí kò ju èékánná lọ, átọ́ọ̀mù ibẹ̀ kò ṣeé kà tán, nítorí náà ìyàtọ̀ náà ga kọjá àlà. Àwọn onímọ̀ a máa fi òṣùwọ̀n kan náà kọ ọ́ pé bí irin méjì bá dọ́gba, ìdàrúdàpọ̀ wọn jẹ́ 0.69, bí ó bá jẹ́ irin márùn-ún, ó di 1.61.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìṣọ̀kan irin? Agbára méjì ni ó ń jà nínú gbogbo àdàlú. Èkíní ni ìfẹ́ àti ìkórìíra tí ó wà láàárín átọ́ọ̀mù kan àti èkejì. Èyí ni ó máa ń pín wọn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Èkejì ni ìdàrúdàpọ̀, tí ó fẹ́ kí gbogbo wọn wà pọ̀ láìṣojúsàájú. Ooru ni alátìlẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀: bí ooru bá ti ń pọ̀ ni agbára kejì ń borí èkíní. Nítorí náà, bí ìdàrúdàpọ̀ bá pọ̀, ó lè ran irin márùn-ún lọ́wọ́ láti di ọ̀kan.

Kò yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo irin márùn-ún tí a bá dà pọ̀ ni ó ń ṣọ̀kan. Cantor fúnra rẹ̀ da oríṣi 20 pọ̀, 5 nínú 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó rí yapa síra wọn, ó sì ń fọ́. Títóbi átọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ yàtọ̀ jù, ìkórìíra àárín wọn kò sì gbọdọ̀ le jù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tí agbára ìdàrúdàpọ̀ mọ.

Bí Átọ́ọ̀mù Ṣe Tò

Ìdàrúdàpọ̀ tí a ń sọ yìí wà nínú irú átọ́ọ̀mù tí ó jókòó sí ààyè kọ̀ọ̀kan. Àwọn ààyè náà fúnra wọn tò létòlétò. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ìyá ọlọ́sàn ní ọjà Mushin ṣe ń to ọsàn lérí ara wọn ti rí ọ̀kan nínú ètò méjì tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àdàlú yìí. Ọsàn ti òkè a máa jókòó sínú kòtò tí ó wà láàárín ti ìsàlẹ̀, tí ààyè òfìfo kò fi ní pọ̀. Bí a bá fojú inú wo àpótí onígun mẹ́jọ kan, nínú ètò yìí átọ́ọ̀mù wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sì tún wà ní àárín ojú kọ̀ọ̀kan nínú ojú mẹ́fà àpótí náà. Irin tí ó bá tò báyìí máa ń ṣeé nà, ó ń ṣeé tẹ̀. Nínú ètò kejì, átọ́ọ̀mù wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kan ṣoṣo sì wà nínú ikùn àpótí. Irú èyí máa ń le ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ó yá a láti sán.

Yeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi alumíníọ̀mù hàn wá bí ètò kan ṣe ń di èkejì. Wọ́n mú àdàlú kóbáltì, kírómíọ̀mù, bàbà, irin dúdú àti níkẹ́ẹ̀lì. Wọ́n sì ń bu alumíníọ̀mù sí i díẹ̀díẹ̀. Bí alumíníọ̀mù ti ń pọ̀ ni ètò kìíní ń fi àyè sílẹ̀ fún èkejì, tí líle rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Vickers fi gòkè láti 133 dé 655. Ohun ìyanu ni èyí, nítorí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ jẹ́ irin rírọ̀ tí a fi ń ṣe ìkòkò. Àdàlú kì í jogún ìwà òbí rẹ̀ ní tààrà, bí ẹ̀wà àti àgbàdo kò ṣe dùn bákan náà nígbà tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ àti nígbà tí wọ́n bá wà pọ̀.

Ìdí mìíràn tí irú irin yìí fi ń le ni pé átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò tóbi bákan náà. Bí ìyá ọlọ́sàn bá fi òroǹbó ńlá, ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ́ pẹpẹ kan náà, ìlà rẹ̀ kò ní gún. Irin kì í sì í tẹ̀ àfi bí ìlà átọ́ọ̀mù kan bá yọ̀ kọjá lórí èkejì. Níbi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun, yíyọ̀ kò rọrùn.

Àgúnpọ̀

Bí a bá fẹ́ yọ́ irin márùn-ún pọ̀, ìṣòro síńkì tí a ti mẹ́nu bà yóò tún yọjú. Títéníọ̀mù kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 1,668, túngísítínì sì di 3,422. Kí ọ̀kan tó yọ́, èkejì ti hó tán. Ibí ni àgúnpọ̀ ti wúlò.

John Benjamin ni ó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ International Nickel Company ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1966. Kì í ṣe àdàlú onírin márùn-ún ni ó ń wá nígbà náà. Ó fẹ́ ki lẹ́búlẹ́bú òkúta tí kì í yọ́ sínú níkẹ́ẹ̀lì, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú lè fara da ooru. Nínú irin yíyọ́, lẹ́búlẹ́bú náà ń léfòó bí ìyàngbò lórí omi. Ó wá pinnu láti gún wọn pọ̀ láìyọ́ wọn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga IIT Madras ní Íńdíà gba ọ̀nà náà ṣe àdàlú alumíníọ̀mù, irin dúdú, títéníọ̀mù, kírómíọ̀mù, síńkì àti bàbà. Síńkì kò bá èéfín lọ, nítorí kò sí iná.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á wọn lẹ́búlẹ́bú irin kọ̀ọ̀kan sínú agolo irin líle, pẹ̀lú àwọn ọta róbótó tí a fi irin líle tàbí àdàlú túngísítínì òun kábọ́ọ̀nù ṣe. Ìwọ̀n ọta sábà máa ń tó ìlọ́po 10 ìwọ̀n lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n á lé afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á sì fi gáàsì ágọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀ kí irin má baà dípẹtà. Ẹ̀rọ yóò wá máa yí agolo náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn ju wákàtí 20 lọ.

Ohun méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú agolo náà, àwọn méjèèjì sì wà nínú ilé ìdáná Yorùbá. Èkíní jọ iyán gígún: nígbà tí ọta méjì bá kọlu ara wọn, hóró irin tí ó bá há sí àárín wọn yóò tẹ́ pẹlẹbẹ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, bí ègé iṣu méjì ṣe ń di iyán kan. Èkejì jọ ata lílọ̀: bí hóró náà bá ti le nítorí lílù, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lílẹ̀ àti fífọ́, fífọ́ àti lílẹ̀, ni iṣẹ́ náà títí. Ìpele irin kan lórí èkejì yóò máa tín-ín-rín sí i, títí átọ́ọ̀mù wọn yóò fi wọ inú ara wọn. Bí iyán bá ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó jù, obìnrin tí ń gún un a máa bu omi díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ń fi ọ̀rá tàbí kẹ́míkà díẹ̀ sí inú agolo kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ọta àti ara agolo tán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irin márùn-ún ti di ọ̀kan? Ìtànṣán X ni wọ́n ń lò. Níbẹ̀rẹ̀, irin kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ nínú àwòrán tí ìtànṣán náà ń yà. Bí wákàtí ti ń gorí wákàtí, àwọn àmì náà ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku àmì ètò tuntun. Àmì yìí a máa fẹ̀, nítorí hóró inú irin náà ti kéré gidigidi. Nínú iṣẹ́ ti Madras, wọn kò tó ìwọ̀n nánómítà 10, ìyẹn ni pé 100,000 irú wọn ní ìlà kan kò tó mìlímítà 1. Lẹ́yìn èyí ni iná tó ń wọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú náà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń sun, bí amọ̀kòkò ṣe ń sun ìkòkò láìjẹ́ kí amọ̀ yọ́. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí iná mànàmáná alágbára gba inú rẹ̀ kọjá bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi di odidi, kí àwọn hóró wẹ́wẹ́ náà tó ráyè dàgbà.

Ìwà àti Agbára Wọn

Hóró wẹ́wẹ́ ni ó ń fún àgúnpọ̀ ní líle rẹ̀. Ilé kan tí ó ní yàrá 20 ní ògiri ju gbọ̀ngàn kan ṣoṣo lọ, bí ilẹ̀ wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bí ohunkóhun bá fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ògiri yóò máa dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà àárín hóró ṣe ń dá yíyọ̀ átọ́ọ̀mù dúró. Nítorí náà, àgúnpọ̀ sábà máa ń le ju irú àdàlú kan náà tí a yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá le jù kì í fẹ́ tẹ̀. Ó lè sán. Àwọn tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń wá.

Àdàlú Cantor tí a yọ́ tí a sì lù ní ìwà mìíràn tí ó ya aráyé lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ irin líle ni ó ń di ẹlẹgẹ́ nínú òtútù. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé ní ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo Celsius, agbára àdàlú yìí láti fara da fífà ga ní nǹkan bí 70 nínú 100 ju ti yàrá lásán lọ, tí ó sì tún ṣeé nà sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú òtútù, kírísítálì inú rẹ̀ a máa pín sí méjì tí ó jọ ara wọn bí òjìji àti ẹni. Ìbejì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, orúkọ tí Yorùbá kò nílò ìtumọ̀ fún. Ààlà tí àwọn ìbejì yìí ń mú wá ni ó ń fún irin náà lágbára ní àkókò tí ó yẹ kí ó fọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ wúlò fún àgbá tí a fi ń kó gáàsì tí a ti fi òtútù sọ di omi.

Ewu Ohun Tí A Kò Wọ̀n

Àgúnpọ̀ ní àbùkù tirẹ̀. Ọta àti agolo a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó bá sì jẹ kúrò lára wọn yóò wọ inú iṣẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti jẹ ọbẹ̀ tí a fi ọlọ tuntun lọ ata rẹ̀ mọ ohun tí yanrìn ń ṣe sí eyín. Ẹ̀rọ ìlọta inú ọjà náà ní àwo irin méjì tí ń ra ara wọn, èyí tí oníṣẹ́ ń pààrọ̀ nígbà tí ó bá jẹ tán. Ibi tí irin àwo náà lọ kò ju inú ata, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé ìwádìí àti ọjà ni pé onímọ̀ a máa wọn ohun tí ó jẹ kúrò lára ọta, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ń lọ ata kò ní òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò tún ju èyí lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ a máa yọ́ àlòkù alumíníọ̀mù, ara ẹ́ńjìnnì àti agolo pọ̀ láti dà ìkòkò. Ní ọdún 2014, àwọn oníwàádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé òjé ń jáde wọ inú oúnjẹ láti ara irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Májèlé ni òjé fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹni tí ó dà ìkòkò náà kò ní ìkà lọ́kàn; kò kàn mọ ohun tí ó wà nínú àlòkù tí ó yọ́ ni. Níbí ni ojú méjì ọ̀rọ̀ àdàlú ti hàn kedere. Àdàlú tí a wọ̀n, tí a yẹ̀ wò, tí a sì sọ ohun inú rẹ̀ fún ẹni tí yóò lò ó, ojúlówó ni. Èyí tí a dà pọ̀ ní àìmọ̀ tàbí ní àbòsí ni ayédèrú. Kì í ṣe pípọ̀ ohun ni ẹ̀ṣẹ̀, àìwọ̀n ni.

Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 ní Akọka, Yábàá, ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ irin. Ilé ẹ̀kọ́ Yaba College of Technology ti wà ní tòsí rẹ̀ láti ọdún 1947. Láti ibẹ̀ sí ọjà Ládípọ̀ kò jìn. Ó yẹ kí ìmọ̀ máa rin ọ̀nà náà lọ kí ó sì máa rin ín bọ̀. Ẹ̀rọ ìgúnpọ̀ kéré sí iléru ńlá, ó sì bá ibi tí iná mànàmáná kì í dúró mu. Bí iná bá lọ nígbà tí irin wà nínú iléru, irin náà yóò dì. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ nígbà tí agolo ń yí, tí ìdérí rẹ̀ sì dì dáadáa, iṣẹ́ lè máa bá a lọ nígbà tí iná bá dé. Ẹ̀rọ tí a fi ń sun ún ni ó wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó ti ṣe ìwádìí lórí irú irin yìí ní àwọn yunifásítì Johannesburg àti Pretoria. Kóbáltì pẹ̀lú wọ́n, ju ìdajì èyí tí ayé ń wà lọ ni ó sì ń wá láti Kóńgò. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá àdàlú tí kò ní i nínú.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. Ní ọdún 1970 ni ètò tí Babatunde Fafunwa darí ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà fún. Iṣẹ́ ti sáyẹ́ǹsì ṣì pọ̀ nílẹ̀. Àpẹẹrẹ irin yìí fi hàn pé èdè náà kò tálákà. Àdàlú, àgúnpọ̀, ìdàrúdàpọ̀, ìbejì, hóró: gbogbo wọn ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Cantor. Kóbáltì àti títéníọ̀mù ni a ní láti yá, kò sì sí èdè tí kì í yá ọ̀rọ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní éńtírópì lè mú ìlẹ̀kẹ̀ 10 wọ kíláàsì. Kí ó jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ka iye ọ̀nà tí funfun 9 àti pupa 1 lè gbà tò, kí wọ́n sì wá gbìyànjú ti àwọ̀ márùn-ún títí yóò fi sú wọn. Kí ó tó pe orúkọ náà, wọn yóò ti mọ ohun tí ó jẹ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin kan kò lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ayé ń fẹ́. Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ń dà wọ́n pọ̀ mọ ìwọ̀n, kí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ẹni tí yóò lò ó gbọ́.